Kábúrétọ̀ Méjì, Ojú Kan

Ọjọ́ Ajé, 3 Júùnù 1991

Dókítà ojú ní Ìdí-Àràbà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó ní ojú òsì Dádì ti lọ, kò ní padà. Ti ọ̀tún ṣì ń ríran, àmọ́ bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù ni, páìpù ọ̀hún sì ń fún sí i lóṣooṣù. Bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, èyí tó kù lè dúró. Bí a bá ń fi falẹ̀, òkùnkùn ni.

Mo ní, "Ẹ dá ọjọ́, sà."

Dádì ní, "Ẹ má dá ọjọ́ kankan."

Dókítà wò mí, èmi náà wò ó. Dádì ní ṣebí dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ pé iṣẹ́ abẹ náà lè má yọrí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kan ojú kan ṣoṣo tó kù fún àwọn, àwọn máa wa Dátísọ̀n àwọn lọ sí Ìdó lẹ́ẹ̀kan sí i, bí àwọn ṣe ń wà á lọ síbi iṣẹ́ réluwéè láyé ọjọ́sí. Dátísọ̀n tó ti wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé wa ní Àgùdà láti ọdún 1980! Adìyẹ Mọ́mì ló ń yé sórí àga rẹ̀!

Mo jà láti Ìdí-Àràbà títí dé ẹnu géètì wa. Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi, Dádì ní, "Mobọ́lá, ṣé o ti parí? Ó yá, lọ wá mẹkáníìkì."

Ó dáa. Mo fún iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ́fíìsì, mo ti kó odindi ilé ìkẹ́rùsí láti Àpápá wá sí Yábàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ò lè borí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Júùnù

A ṣí tapólì. Ilẹ̀kùn méjì, àga méjì, imú gígùn bí imú ajá ọdẹ, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa. Ọdún 1973 ni Dádì rà á. Gbogbo àdúgbò ló jáde wá wò ó lọ́jọ́ náà, mo rántí. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé mo ń rí koríko níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ yẹ kó wà.

Ìyẹn kọ́ ló ń dun Dádì jù. Kábúrétọ̀ méjì ni wọ́n ṣe mọ́ ẹ́ńjìnì yẹn láti Jàpáànù. Mẹkáníìkì kan tú méjèèjì dànù, ó fi ẹyọ kan tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù rọ́pò wọn. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi dákẹ́. Dádì fi ọwọ́ wá ibẹ̀ kàn, wọ́n pòṣé.

"Ìbejì ni wọ́n bí fún un, wọ́n kó wọn lọ, wọ́n gbé ọmọ olọ́mọ lé e lọ́wọ́. Ojúlówó ni mo fẹ́, Mobọ́lá. Mi ò fẹ́ Táíwàn."

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní Àmúsà, ní Ìdí-Òrò ní Mushin, ni ọwọ́ rẹ̀ mọ Dátísọ̀n jù. Ó wá, ó yí ọkọ̀ po, ó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni yóò parí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Mo kórìíra gbólóhùn yẹn. Kì í ṣe ọjọ́, kì í ṣe wákàtí, kì í ṣe ìdáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Júùnù

Mo gba àyè ní ọ́fíìsì, mo forí lé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, láti wá kábúrétọ̀. Ẹrẹ̀ mù mí dé kókósẹ̀. Ọkùnrin kan mú páálí kan jáde, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ìkókó.

"Àǹtí, ojúlówó Jàpáànù rèé. Páálí ẹ̀ rèé, nọ́ḿbà ẹ̀ rèé."

"Ẹ ṣí i."

"Tá a bá ti ṣí i, ó ti di àlòkù nìyẹn. Ó ti di Bẹ́ljíọ̀mù."

"Mo ní kí ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Páálí tuntun, kábúrétọ̀ tí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀, tí sípánà ti họ gbogbo ara rẹ̀.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bí i ní Jàpáànù, tòun ti ọgbẹ́ lára?"

"Ilà ojú ẹ̀ ni, Àǹtí."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà mí. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo rín lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo pe Victor, àbúrò mi, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní kó wá kábúrétọ̀ méjì ọ̀hún, kó wá gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dí etí wọn kó má jò, kó wá rọ́bà wọn, ojúlówó. Ó ní, "Sísì mi, mo ń ṣiṣẹ́ o." Mo ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé ayò ni mò ń ta níbí?"

Ọjọ́ Bọ̀, 20 Júùnù

Òjò. Àmúsà ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó lọ síbi ìsìnkú. Ìkẹta nìyí láti ìgbà tó ti gba ọkọ̀. Ẹbí wo ló ń kú báyìí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Júùnù

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Ṣàíbù, pánẹ́ẹ̀bítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Àmúsà, tó tún ń kun ọkọ̀, ti jó irin tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ Dátísọ̀n. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ káàkiri, ó le. Mi ò lè purọ́, iṣẹ́ gidi ni. Ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ó fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Júùnù

Ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jáde títí di aago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni Jemilat, ọ̀rẹ́ ìyàwó Victor, ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù lánàá pẹ̀lú ẹrù wa. Mo dúró sẹ́nu géètì tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ó wé kábúrétọ̀ méjèèjì sínú aṣọ ìkókó. Mo gbé wọn délé. Dádì gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n gbé ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, wọ́n gbóòórùn wọn.

"Àwọn nìyí," wọ́n ní. "Táyé, Kẹ́hìndé. Ẹ káàbọ̀."

Mo kó gbogbo rẹ̀ lé Àmúsà lọ́wọ́, tòun ti gásíkẹ́ẹ̀tì, tòun ti rọ́bà. Ó yí wọn síbí, ó yí wọn sọ́hùn-ún. "Háà! Èyí dára o." Ó tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Júláì

Dádì da tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Mọ́mì fi aṣọ nù ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Júláì

Mo ń fi ìbínú kọ èyí.

Mo dé Ìdí-Òrò, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn gan-an. Àfi bí mo ṣe gbóòórùn bẹntiróòlù. Ó ń jò lára kábúrétọ̀, ó ń kán sórí irin gbígbóná. Mo figbe ta. Kí Àmúsà tó pa ẹ́ńjìnì, iná ti sọ. Ṣàíbù ló da iyẹ̀pẹ̀ lé e. Gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo yẹ ibi tó ń jò wò. Páálí! Àmúsà gé páálí bisikíìtì, ó fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì.

"Èyí tí mo kó fún yín dà? Èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá dà?"

Ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, wọ́n mọ́ tónítóní bí aṣọ ọdún.

"Mo tọ́jú wọn ni, mà. Ohun tó dára tó báyìí, a kì í fi dán ọkọ̀ wò. Tó bá ti ń sáré dáadáa tán la máa wá fi ojúlówó sí i."

Ṣé èèyàn gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Ó fẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dára ná, kó tó fi ohun tó máa mú un dára sí i! Mo ní ṣe ló fẹ́ tà wọ́n. Mo ní olè ni. Mo sọ ọ́ níṣojú Ṣàíbù àti gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, mo sì tún un sọ. Àmúsà kó gbogbo ẹ̀ fún mi, ó nu ọwọ́, ó wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Júláì

Mo ti fa ọkọ̀ kúrò. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Akọka ni pé bí ẹni tó ń báni ṣiṣẹ́ bá já ni kulẹ̀, ká pààrọ̀ rẹ̀, ká má sunkún. Ṣọ́ọ̀bù Ọláyíwọlá ní Yábàá mọ́. Ó kọ aago tó ń ṣí àti aago tó ń tì sára ògiri. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8 Júláì

Ọláyíwọlá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún un dé.

"Àǹtí, ta ló tú u kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Àmúsà, ní Ìdí-Òrò."

"Ṣé ó ti yọ̀ǹda ẹ̀?"

"Ọkọ̀ bàbá mi! Kí ló fẹ́ yọ̀ǹda níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ tí mẹkáníìkì kan bá ti tú, ẹlòmíì kì í fọwọ́ kàn án, àfi tí ẹni àkọ́kọ́ bá ní òun ti fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wa á ti ṣọ́ọ̀bù mi pa."

"Ẹ lọ bá a sọ ọ́ nígbà náà."

"Ká ní ẹ kàn gbé ọkọ̀ yín kúrò ni, ǹ bá bá yín bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ wọ́n ní ẹ pè é lólè."

Láti Ọjọ́ Ẹtì! Ọ̀rọ̀ ti ti Mushin rin dé Yábàá, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn kan náà ò lè fi oṣù kan de kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì.

Ọjọ́ Bọ̀, 11 Júláì

Mẹkáníìkì méjì mìíràn ti kọ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Mo lọ bá alága ẹgbẹ́ wọn, Alhájì Àbdùlsàmàd. Ó fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n fún mi ní mínírà tútù.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó o sọ níta, a kì í kó o jẹ nínú yàrá. Níṣojú àwọn tó gbọ́ ọ lo ti máa kó o jẹ."

"Alhájì, mi ò ní ṣe nǹkan kan o."

"Mo ti gbọ́. Ọkọ̀ náà ò sì ní ṣe nǹkan kan."

Mo mu mínírà rẹ̀ tán, mo bínú jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Júláì

Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà, èmi ń rojọ́. Wọ́n jẹ́ kí n rò ó títí.

"O mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe?"

"Òṣómàáló ni wọ́n."

"Láti Iléṣà dé Ìlọrin ni wọ́n ń kiri aṣọ àwìn. Tí oníbàárà bá ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la, ṣé wọ́n máa ń pè é lólè ni?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ ni. Wọ́n á kí i, wọ́n á kí ìyàwó ẹ̀, wọ́n á bá àwọn ọmọ ẹ̀ ṣeré. Wọn ò ní dìde. Ìwọ, ariwo nìkan lo mọ̀. Ẹni tó bá pariwo tán, ilé ẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó bá lóṣòó, ibẹ̀ ló wà."

Dádì dá sí i láti inú pálọ̀: "Mo máa bá a lọ lọ́la." Mo ní kò pọn dandan. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ta ni?"

Ọjọ́ Ajé, 15 Júláì

Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú epo dúdú ní ṣọ́ọ̀bù Ìdí-Òrò níṣojú gbogbo wọn, mo ní Àmúsà kì í ṣe olè. Inú mi ò sì rọ̀ rárá. Òótọ́ ni pé kì í ṣe olè. Òótọ́ náà ni pé díẹ̀ ló kù kó dáná sun ọkọ̀.

Àmúsà ò tíì fèsì tí Dádì fi ní kí àwọn wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbẹ́sẹ̀. Kòtò tí wọ́n fi ń wọ abẹ́ ọkọ̀ wà níwájú wọn gbalasa. Wọn ò rí i. Ẹsẹ̀ wọn kan ti wà lófuurufú kí Àmúsà tó fò mọ́ wọn, táwọn méjèèjì ṣubú lu òkìtì táyà.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù sáré wá.

"Bàbá, ẹ ò rí kòtò ni?"

"Ìwọ ni mò ń wò," ni Dádì wí. "Tí mo bá wò ọ́, mi ò lè rí ilẹ̀ mọ́."

Àmúsà kọjú sí mi. Ìbínú ti gba ojú òun náà wàyí.

"Láti Júùnù lẹ ti ń pariwo Ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ẹtì, bí ẹni ń kirun Jímọ́ọ̀. Ẹ ò sọ fún mi pé ojú Bàbá ni!"

"Ṣé ó yẹ kí n máa fi ojú bàbá mi polówó kí ẹ tó ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ gbà?"

"Ó yẹ kí ẹ sọ ọ́! Ọkọ̀ fàájì ni mo pè é, mo ní kí n rọra ṣe é kó lè pẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni..." Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ lọ fa ọkọ̀ yẹn wá láti Yábàá!"

Mi ò tíì gbà pé òun ló jàre. Àmọ́ ó di Dádì mú títí wọ́n fi jókòó, ó sì ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Júláì

Mo gba ìsinmi ní ọ́fíìsì. Mo gbé àpótí ìjókòó Mọ́mì láti ilé ìdáná, mo lọ fi í lélẹ̀ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Àmúsà. Mo kí i. Mo kí Ṣàíbù. Mo béèrè àwọn ọmọ.

Ṣàíbù ní, "Àǹtí Kíákíá, ṣé ẹ ti kó wá sọ́dọ̀ wa ni?"

"Òṣó ni mo ló."

Àmúsà yọ orí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ìjẹ̀ṣà! Mo mọ̀! Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́!"

Ọjọ́ Bọ̀, 18 Júláì

Gásíkẹ́ẹ̀tì ojúlówó ti wọlé, níṣojú mi. Wọ́n wá pe Àmúsà síbi ìsìnkú lónìí, ó ní kí wọ́n bá òun kí olóògbé. Ìdí ń dùn mí, àpótí yìí le.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Júláì

Mo mú Dádì lọ. Àmúsà ti ẹnu rọ́bà kan bọ etí ara rẹ̀, ó fi ẹnu kejì sí kábúrétọ̀ àkọ́kọ́, ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó gbé e sí èkejì, ó tún gbọ́. Ó yí síkúrúù díẹ̀, ó tún padà. Báyìí báyìí títí méjèèjì fi ń mí bákan náà. Lẹ́yìn náà ló tẹná mọ́ ẹ́ńjìnì.

Dádì yọ fìlà. "Òun nìyẹn," wọ́n ní. "Òun gan-an nìyẹn."

Mo wá nǹkan tí mo lè fi pariwo, mi ò rí.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Júláì

Láàárọ̀ kùtù, kí ọ̀nà tó kún. Mo ti jà lánàá títí ẹnu fi kán mi pé èmi ni kí n wà á. Dádì wọ ṣẹ́ẹ̀tì réluwéè wọn àtijọ́, wọ́n jókòó sídìí ọkọ̀, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fi í sí gíà. Ẹsẹ̀ wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Ọkọ̀ rọra yí lọ sẹ́nu géètì, ó sì lọ kọlu òpó géètì, lápá òsì.

Fẹ́ńdà ká wọlé. Wọ́n pa ẹ́ńjìnì.

"Mi ò rí i."

"Mo mọ̀, sà."

"Òpó tí mo fọwọ́ ara mi rì."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti Júùnù wà lẹ́nu mi. Mi ò sọ ọ̀kankan. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n nà án sí mi.

"Ní kí dókítà dá ọjọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Júláì

Dókítà ti dá ọjọ́: Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Mo ti gbé ọkọ̀ fún Ṣàíbù pé kó na fẹ́ńdà, kó kùn ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Júláì

Òjò láti àárọ̀. Ṣàíbù gbé ọkọ̀ wá. Fẹ́ńdà ti tẹ́jú, àmọ́ mo rí i lójú ẹsẹ̀: ilẹ̀kùn jẹ́ àwọ̀ ọsàn, fẹ́ńdà jẹ́ àwọ̀ àgbálùmọ̀.

"Tó bá gbẹ, wọ́n á jọra, mà."

Irọ́ ni. Bó bá ṣe oṣù tó kọjá ni, ǹ bá fi ẹnu bó o láwọ̀. Ó rẹ̀ mí. Ọ̀túnla ni iṣẹ́ abẹ. Ta ló tún máa rí i? Mo fa tapólì bò ó.

Ọjọ́ Bọ̀, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n gbé Dádì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀. Mo ti gbé àpótí Mọ́mì dání, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì ní, "Àǹtí, àga wà níbí."

Mo ní mo rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti ṣí ojú Dádì. Ìkùukùu ni wọ́n ní àwọn ń rí. Dókítà ní ká fọkàn balẹ̀. Gbólóhùn yẹn ò dùn lẹ́nu dókítà ju bó ṣe dùn lẹ́nu mẹkáníìkì lọ, mi ò sì lè fa ojú lọ sí Yábàá.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

Oòrùn yọ lónìí, ó mú gan-an. Dádì ní kí n gbé àga fún àwọn lọ sẹ́yìnkùlé, kí n ṣí ọkọ̀. Mọ́mì wà níbẹ̀, wọ́n ń da àgbàdo fún adìyẹ. Mo fa tapólì. Dádì wò ó, wọ́n wò ó títí. Wọ́n tẹ orí sí ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí òsì.

"Mobọ́lá."

"Sà."

"Ta ló kun fẹ́ńdà yìí?"

"Ṣàíbù ni, sà. Kí ló ṣe é?"

"Kí ló ṣe é kẹ̀? Ọsàn ni ọkọ̀ mi. Àgbálùmọ̀ ni èyí."

Abọ́ àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Mo ní kí Dádì jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ hàn mí ibi tí ọsàn ti parí, tí àgbálùmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti orí àga, láìṣìnà, wọ́n sì fi ìbínú kọjú sí mi.

"Àbí ojú tìẹ ni kò ríran ni? O gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ èèyàn?"

Ó ti pẹ́ tí ìbáwí ti dùn mọ́ mi báyìí. Wọ́n ní èmi ni kí n wa àwọn lọ sí Ìdó, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú fẹ́ńdà ẹlẹ́yà yẹn.

Ṣàíbù! Tó bá gbẹ, wọ́n á jọra! Mo ti gbé àpótí sínú ọkọ̀ mi. Kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, kò burú. Tó bá dé láàárọ̀ ọ̀la, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bá mi.